Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Kì Í Bèèrè Pépà

HB 56 ni wọ́n ń pe òfin náà. Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, gómìnà Robert Bentley sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ọdún 2011. Lọ́dún yẹn, a ò mọ ibi tí Alabama wà lórí máàpù. Yunifásítì la wà nílé, à ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí iná bá wà nìkan la sì máa ń rí kọ̀ǹpútà lò. Lónìí, àwa mẹ́ta tí iṣẹ́ sọ́fúwíà gbé wá síbí là ń gbé ní agbègbè Birmingham, ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan náà la sì jọ ń lọ. Àwa ni wọ́n máa ń pè bí maikirofóònù bá kọ̀ tí kò dún, àwa náà ni wọ́n máa ń pè bí fóònù ìyá àgbà kan bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ara rẹ̀.

Ẹni tó bá dé ìlú lẹ́yìn tí wàhálà ti kọjá, ìtàn ni yóò máa gbọ́. Ẹnu àwọn àgbà ìjọ la ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa òfin yìí. Lẹ́yìn náà la lọ kà á fúnra wa, torí ẹni tó ń kọ kóòdù kì í gba àgbọ́sọ nípa ohun tí kóòdù kan ń ṣe. Ó fẹ́ rí i lójú.

Ohun tí a rí ni pé kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Tíṣà wà níbẹ̀, onílé tó ń gba owó ilé wà níbẹ̀, akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òfin ní bí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró, tó sì fura pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní pépà, kí ó wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ní kí ilé-ìwé ìjọba máa bèèrè ibi tí wọ́n bí ọmọ tó bá wá forúkọ sílẹ̀, àti bóyá ó ní pépà. Ó ní ọ̀pọ̀ àdéhùn tí èèyàn bá bá ẹni tí kò ní pépà ṣe, kóòtù Alabama kò gbọdọ̀ kà á sí. Ó ní ẹni tí kò ní pépà kò gbọdọ̀ ní ohun kankan í ṣe pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀, ẹni tó bá sì dán an wò, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ìyẹn ló mú kí ọ́fíìsì omi ní ìlú kékeré kan lẹ ìwé mógiri pé ẹni tí kò bá mú káàdì ìdánimọ̀ Alabama wá, omi lè má yọ nílé rẹ̀ mọ́. Omi o!

Abala 13 ni tiwa. Ó ní ẹni tó bá fi ẹni tí kò ní pépà pamọ́, tó gbé e sínú mọ́tò, tó háyà yàrá fún un, tàbí tó gbà á níyànjú pé kó wá máa gbé ní Alabama, ọ̀daràn ni. Kò tún pọn dandan kí o mọ̀ dájú pé kò ní pépà. Bí àmì bá wà níwájú rẹ, tí o sì mójú kúrò, ó ti kàn ọ́ náà. Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá wá tó mẹ́wàá, ẹ̀sùn á kúrò ní kékeré, á di ńlá.

Èrò àwọn tó kọ òfin yìí kò farasin. Wọ́n fẹ́ kí ayé sú àwọn tí kò ní pépà títí wọn yóò fi palẹ̀ ẹrù mọ́ fúnra wọn. Micky Hammon, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin tó gbé e kalẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba. Àjọ ìwádìí Pew ṣírò rẹ̀ nígbà náà pé nǹkan bí 120,000 èèyàn tí kò ní pépà ló wà ní ìpínlẹ̀ tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ "fura" yẹn, torí ó jọ mọ́ iṣẹ́ wa. Bí ọ̀gá wa bá ní ká kọ ètò tí yóò máa fura sí èèyàn, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé: kí ni kí ètò náà wò? Òfin ní kí ọlọ́pàá má ṣe fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà fura sí ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Kí ló wá kù? Ṣé bí èèyàn ṣe ń sọ Òyìnbó ni? Ṣé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni? Ní oṣù Kọkànlá 2011, ọlọ́pàá Tuscaloosa dá mọ́tò tí wọ́n yá lò kan dúró nítorí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ ilẹ̀ Jámánì nìkan ni ẹni tó ń wà á ní lọ́wọ́. Wọ́n mú un lọ sí àgọ́. Àṣé ọ̀gá ni ní Mercedes-Benz, ilé-iṣẹ́ tí Alabama fi owó gọbọi tàn wá sí ìpínlẹ̀ wọn ní 1993. Títí tí ẹnì kan fi lọ gbé pásípọ́ọ̀tù àti físà rẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Níbi iṣẹ́ wa, bí ètò bá mú ẹni tí kò yẹ kó mú, a máa ń pe jọ láti tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún náà, bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin gbé gómìnà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Henry Parsley wà níbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Episcopal, ìyẹn àwọn Áńgílíkà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. William Willimon ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà níbẹ̀. Thomas Rodi, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì ní Mobile, àti Robert Baker, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Birmingham, náà fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan náà ni ìjọba àpapọ̀ pe ẹjọ́ tirẹ̀. Kí gbogbo wọn tó dé, HICA, ẹgbẹ́ àwọn ará Látìn tí Isabel Rubio dá sílẹ̀, ti kó àwọn mìíràn sẹ́yìn lọ sí kóòtù nínú oṣù Keje. Greater Birmingham Ministries wà lára wọn, ẹgbẹ́ tí onírúurú ìjọ jọ ń ṣe, tí Scott Douglas sì ń darí nígbà náà. Àwọn pásítọ̀ Mẹ́tọ́díìsì tó lé ní 100 ti kọ̀wé sí gómìnà kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù.

Ẹjọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò le yé èèyàn. Wọn ò sọ pé kí ìjọba ṣí bodè sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe láti ìgbà láéláé ni òfin sọ di ọ̀ràn lọ́sàn-án kan òru kan: láti gbé èèyàn wá sí ìsìn, láti fún ẹni tí ebi ń pa lóúnjẹ, láti fún obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú ní ibùsùn. Rodi tiẹ̀ ní bí wọ́n bá fa òfin náà gùn, àlùfáà tó ṣèrìbọmi fún ẹni tí kò ní pépà, tàbí tó gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ti rú u. Wọ́n ní ìjọba Alabama ti sọ jíjẹ́ ará Samáríà rere di ẹ̀sùn ọ̀daràn.

A kọ́kọ́ rò pé wọ́n kàn ń sọ àsọdùn bíi ti oníwàásù ni. Ìyẹn ni ọ̀kan nínú wa fi gbé Lúùkù orí 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ abala 13, tí a sì ń kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń yẹ kóòdù wò. Ará Samáríà yìí rí ẹni tí kò mọ̀ rí lójú ọ̀nà. Kò bi í ní ìlú rẹ̀. Ó gbé e gun ẹranko tirẹ̀: gbígbé ẹni kiri nìyẹn. Ó mú un wọ ilé àlejò: fífi ẹni pamọ́ nìyẹn. Ó san owó yàrá sílẹ̀, ó sì ní òun á san èyí tó bá kù bí òun bá padà dé: ó ti háyà ilé fún un, ó tún fi àdéhùn kún un. Ká ní ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò wà ní Alabama ni, wọn ì bá ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lọ́rùn, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti onílé àlejò.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo ìjọ ló wà lápá kan. Gómìnà Bentley fúnra rẹ̀, díákónì ni nígbà náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Tuscaloosa, ó sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn Onítẹ̀bọmi ló pọ̀ jù ní Alabama, kò sì sí ìkankan nínú àwọn aṣáájú wọn lára àwọn mẹ́rin tó pẹjọ́. Bíbélì kan náà ni wọ́n jọ ń kà o.

Ó sì yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa Mobile kí a tó kọjá, torí ọ̀rọ̀ Mobile kàn wá ju bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe rò lọ. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn dé láti Ouidah ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Agbègbè Bantè ló ti wá, ní ilẹ̀ Benin òde òní, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀ka kan nínú èdè wa. Àwọn wọ̀nyí ni àlejò tí kò ní pépà ní Alabama, àwọn tó kó wọn wá ló sì rú òfin. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí tí wọn ò rí owó ọkọ̀ padà sílé, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Kossola ló ń lu aago rẹ̀. A ò mọ̀ bóyá bíṣọ́ọ̀bù àgbà Rodi rántí wọn nígbà tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́. Àwa rántí wọn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù yìí ta yọ ní Birmingham, ìtàn ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1963, tí í ṣe Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọlọ́pàá mú Martin Luther King ní ìlú yìí nítorí ìwọ́de. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn aṣáájú ẹ̀sìn mẹ́jọ, òyìnbó ni gbogbo wọn, kọ̀wé sí gbangba pé ìwọ́de náà kò bọ́gbọ́n mu, kò sì tíì tó àsìkò, pé kóòtù ni kí àwọn èèyàn dúdú gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ, kì í ṣe ìgboro. Ìwé tí King kọ láti ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ 16, tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn mẹ́jọ yìí ló kọ ọ́ sí. Charles Carpenter, bíṣọ́ọ̀bù Episcopal ní Alabama, wà nínú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Mẹ́tọ́díìsì méjì wà nínú wọn, Paul Hardin àti Nolan Harmon. Joseph Durick, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, náà wà níbẹ̀. (Durick yí padà nígbà tó yá; nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù ní Nashville, ó dúró gbágbáágbá ti ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ní í kú síbi tí lẹ́tà ti bá a.)

Ẹ wá kà á wò. Episcopal, Mẹ́tọ́díìsì, Kátólíìkì. Ìjọ mẹ́ta tó ní kí King ní sùúrù ní 1963 náà ni ìjọ mẹ́ta tó ní àwọn ò lè ní sùúrù ní 2011. Orí àga Carpenter gan-an ni Parsley jókòó sí. Kóòtù tí àwọn ti àtijọ́ ní kí èèyàn dúdú lọ, ibẹ̀ ni àwọn tòde òní lọ, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló lọ lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò rán ẹni tí ìyà ń jẹ. Lójú tiwa, ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Gbólóhùn àánú kò wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí aṣáájú fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ẹjọ́, kó ní "èmi ni òfin yìí máa mú, torí èmi ò ní ṣíwọ́," ìyẹn wọ́n.

Adájọ́ Sharon Blackburn gbọ́ ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní Birmingham ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ. Ó dá òfin náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án. Ó gba àyẹ̀wò ọlọ́pàá láyè, ó gba ìbéèrè ilé-ìwé láyè, ṣùgbọ́n ó fi òǹtẹ̀ de abala 13. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé nítorí ará Samáríà ni, ẹ fara balẹ̀. Ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló tẹ̀ lé: ọ̀rọ̀ ẹni tó wọ̀lú àti ẹni tó ń jáde, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a ṣe. Ní ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà nínú ẹjọ́ ẹlòmíràn, kò sì sídìí láti wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nínú ẹjọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, kóòtù kò sọ bóyá ìpínlẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù ba ẹni tó gbé aládùúgbò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí fún wọn.

Ìyókù kò gùn. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ti ilé-ìwé dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ní 2013, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ Alabama, nígbà tó sì di òpin ọdún yẹn, ìpínlẹ̀ gbà nínú àdéhùn pé àwọn ò ní lo èyí tó pọ̀ jù nínú òfin náà mọ́. Àyẹ̀wò ọlọ́pàá ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà síbi ilé-ìwé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọlé wa. Nígbà tí adájọ́ gba ìbéèrè yẹn láyè, ìjọba Alabama ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ọmọ tí wọ́n máa lé. Láti 1982 ni kóòtù tó ga jù lọ ti ní ọmọ tí kò ní pépà lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé-ìwé ìjọba. Iye ni àwọn kàn fẹ́ mọ̀, wọn ò ní kọ orúkọ sílẹ̀. Òótọ́ sì lè ni. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ọmọ Látìn tó lé ní 2,000 ni kò wá sí ilé-ìwé káàkiri ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí. Kò tíì sí ẹni tó mú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù ló lé wọn sílé.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìjọ wa ní kí àwa mẹ́ta ṣe ètò orúkọ àwọn ọmọ ìjọ sórí kọ̀ǹpútà, torí ìwé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń lò ti ń já. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. A gbé e wá, gbogbo wọn yìn wá, wọ́n súre fún wa pé a ò ní ríṣẹ́ tì. Ìgbà náà ni bàbá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláìní nínú ìjọ na ọwọ́.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi àpótí kan kún un fún mi, ẹ kọ síbẹ̀ pé 'ipò pépà'. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì, ẹni tó ń lo físà, ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́. Kí n lè mọ ẹni tí mo máa wá lọ́yà fún."

Ẹni rere ni bàbá yìí. Òun ló ń wa mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí yóò ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò máa ya ilé kan dé ilé kejì. Bí ọmọ tuntun bá dé láti Nàìjíríà, ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sùn. Kò sì sí irọ́ nínú ohun tó sọ: àwọn tí tiwọn ti bàjẹ́ wà láàárín wa. Ẹni tó wá kàwé tí owó ilé-ìwé tán nílé, bí náírà ṣe ń já, kí ló kù tó máa ṣe? Ojú máa ń ti irú wọn láti sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn máa jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa kọ orin.

A ní, "Dádì, a ò ní lè fi kún un, ẹ má bínú."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, kí ló le níbẹ̀? A ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣàlàyé. A ní àkọsílẹ̀ yìí kò sí nínú àpótí ìjọ, orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tí a ò mọ ojú wọn ló wà. A ní bí kóòtù bá fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ yẹn ò ní pe pásítọ̀ kó tó kó o jáde. A ní bí olè bá jí láptọ́ọ̀pù akọ̀wé ìjọ, orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló jí yẹn. Ohun tí ẹ ò bá kọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. A tún ní bí àwọn èèyàn bá rí àpótí yẹn lórí fọ́ọ̀mù, àwọn gan-an tí Dádì fẹ́ ràn lọ́wọ́ kò ní wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A sọ ti àwọn ọmọ 2,000 yẹn fún wọn.

Ẹnì kan bi wá pé bí irú òfin yẹn bá tún dé ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Florida ṣe tiwọn ní 2023, SB 1718. Bó ṣe kọ́kọ́ wá, ó fẹ́ mú ẹni tó bá gbé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sínú mọ́tò tàbí tó gbà wọ́n sílé láàárín ìpínlẹ̀. Àwọn pásítọ̀ Látìn rọ́ lọ bá àwọn aṣòfin ní Tallahassee, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ gómìnà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni ẹ ń sọ yẹn. Nígbà tí gómìnà máa fi fọwọ́ sí i, wọ́n ti dín in kù sí ẹni tó bá kó èèyàn wọ Florida láti ìta. A sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá aṣòfin sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyàfi tirẹ̀. Pásítọ̀ wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mọ̀ pé òun là ń bá wí. Àwọn ìjọ wa níhìn-ín, a mọ àdúrà físà gbà, a mọ ààwẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ẹ́ḿbásì. Àmọ́ a ò tíì rí ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wa kó fi orúkọ sábẹ́ irú ìwé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin yẹn kọ. Bóyá torí a rò pé àwọn Látìn ni òfin ń bá wí ni.

Ìyá kan ló wá sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sábà lanu níbi ìpàdé. Kúmásì ni wọ́n bí i sí. Ó ní bàbá òun ti ń tajà ní Ghana kí Ghana tó gba òmìnira, kò sì sẹ́ni tó bi í ní pépà rí. "Pépà wo? Ta ló mọ ohun tó ń jẹ́ pépà nígbà yẹn?" Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Inú lọ́rì ni wọ́n bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀, ojú ọ̀nà ni bàbá wọn ti ń ṣírò gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́ tí kò ní rí gbà mọ́.

Ó ní, "Ẹni tó fi wá hàn, aládùúgbò ni. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn bi í pé ta ni kì í ṣe ọmọ ibí, ó sì dáhùn ohun tó mọ̀." Ó wo bàbá tó fẹ́ àpótí yẹn. "Bọ̀dá mi, mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní fi ẹnikẹ́ni hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má mọ̀ ọ́n."

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun á wá lọ́yà kan tí yóò máa wá bá gbogbo ìjọ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn, gbogbo ìjọ o, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè lọ bá a fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Pásítọ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni fọ́ọ̀mù jáde. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, àdúgbò, àti ìbéèrè kan nísàlẹ̀: ṣé ẹ máa nílò mọ́tò? Èèyàn 19 ló kọ bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì ò gbà ju 14 lọ. Bàbá ní kò burú, òun á lọ lẹ́ẹ̀mejì.